Bí Dókítà Bá Wà: Nọ́ọ̀sì, Dókítà àti Àtọ̀gbẹ ní Ìjìó

Àjọ NPHCDA, tó ń mójú tó ètò ìlera alábọ́dé lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ti la iye òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ nínú ìwé kan. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè tí gbogbo wa mọ̀ sí CHEW, mẹ́ta. Àwọn tó wà lábẹ́ wọn, mẹ́fà. Nígbà tó kan dókítà, ìwé náà ní kó jẹ́ ẹnì kan, bí ó bá wà.

Ẹni tó bá mọ Ìjìó kò ní bá ìwé náà jà. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwàjọwà ni ìlú náà wà, ní apá ìwọ̀-oòrùn Òkè-Ògùn, níbi tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà. Ìlú àgbẹ̀ ni: iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ọkà bàbà, kajú. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá ju agbára ilé ìwòsàn ìlú lọ yóò forí lé Òkèihò, tàbí Ìsẹ́yìn, tàbí Ṣakí. Bí ó bá tún le ju ìyẹn lọ, Ìbàdàn ló kù, níbi tí UCH ti ń gba aláìsàn láti 1957. Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì lónìí, bí kò bá sọdá sí ìlú òyìnbó, Èkó tàbí Abuja ni yóò fìdí kalẹ̀ sí. N kò bá a wí. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ kò dúró de dókítà kó tó wọ Òkè-Ògùn.

Àjọ àgbáyé tó ń rí sí àtọ̀gbẹ, IDF, ṣírò ní 2021 pé àwọn àgbàlagbà tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà ń lọ sí bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀, àti pé nílẹ̀ Áfíríkà, ó ju ìdajì àwọn tó ní in lọ tí kò tilẹ̀ mọ̀. Àrùn tó ń báni gbé títí ọjọ́ ikú ni. Kì í ṣe bí ibà tí èèyàn yóò lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta sí, tí yóò sì gbàgbé. Oṣooṣù ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, ọdọọdún sì ni. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó ń rí aláìsàn lóṣooṣù ló yẹ kó ní àṣẹ láti ṣe nǹkan fún un lóṣooṣù. Ní Ìjìó àti irú ìlú bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì nìyẹn. Iṣẹ́ dókítà ni láti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, láti kọ ìlànà sílẹ̀, àti láti dá sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ bẹ́yìn yọ.

Àwọn kan yóò ní àṣà tuntun nìyí. Kì í ṣe tuntun rárá nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1956, oníṣègùn ọmọdé kan tó ń jẹ́ David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì gbé iṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọmọdé ń kú púpọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Ó rí i pé kò sí bí dókítà kan ṣoṣo yóò ti rí gbogbo ọmọ ìlú, ó wá kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí láti máa wọn ọmọ lóṣooṣù, láti máa tọ́jú ibà àti ìgbẹ́ gbuuru, àti láti mọ ọmọ tó yẹ kí wọ́n gbé lọ sí Iléṣà. Ó ṣe káàdì kan tí wọ́n ń fi àmì ìwọ̀n ọmọ sí. Ilé ìwòsàn kò tọ́jú káàdì yẹn pamọ́. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni wọ́n fi sí, kó máa gbé e lọ gbé e bọ̀. Ikú ọmọdé dín kù gan-an ní Ìmẹ̀sí-Ilé, káàdì náà sì kárí ayé. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn gbé iṣẹ́ ìlera agbègbè tirẹ̀ lọ sí Ìbàràpá, aládùúgbò Òkè-Ògùn, wọ́n fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti di mínísítà ìlera ní 1985, ó sọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ di ètò gbogbo orílẹ̀-èdè. Títí di òní, àwọn CHEW ní ìwé ìlànà kan tó ń sọ fún wọn pé bí ẹ bá rí èyí, ẹ ṣe tọ̀hún. Bí ẹ bá rí tọ̀hún, ẹ fi ránṣẹ́.

Wọ́n ti gbé ìlànà yìí ka àtọ̀gbẹ níbòmíràn, ó sì ṣiṣẹ́. Ní Hlabisa, ìgbèríko kan ní KwaZulu-Natal lórílẹ̀-èdè South Africa, àwọn nọ́ọ̀sì ló ń fi ìlànà tí a kọ sílẹ̀ tọ́jú àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ikọ́ fée. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 1998 sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún alátọ̀gbẹ irú èyí tí ń mú àgbàlagbà, 82 ni apá ìtọ́jú ká. Ní Cameroon, wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní Bafut tó jẹ́ ìgbèríko àti ní Yaoundé. Ṣúgà àwọn aláìsàn wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò padà wá mọ́. Nílé níbí, láti 2020 ni ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kano ti ń fi ọwọ́ nọ́ọ̀sì àti CHEW tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ sì rèé, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹni tí ọ̀kan bá mú, kí ó máa ṣọ́ èkejì.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ náà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó ń kúrò nílé ní Òkè-Ògùn pé òun ń lọ sọ fún nọ́ọ̀sì pé àtọ̀gbẹ ń ṣe òun. Egbò tó kọ̀ tí kò jinná ló ń gbé wọn wá, tàbí ojú tó ń ṣe bàìbàì, tàbí abẹ́ tó ń yún obìnrin, tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń jóni lóru. Ọkùnrin mìíràn wà tó jẹ́ pé kò lè ṣe ojúṣe rẹ̀ nílé mọ́ ni, ṣùgbọ́n ibà ni yóò pè é lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, pàápàá bí nọ́ọ̀sì bá kéré sí ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Àwọn àgbà ti mọ̀ tipẹ́ pé bí èèrà bá ń ṣù bo ibi tí èèyàn tọ̀ sí, nǹkan wà ńbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí irú àwọn wọ̀nyí lọ láìgún wọn níka, kó fi ẹ̀rọ kékeré àti sítíríìpù yẹ ṣúgà wọn wò.

Bí ẹni náà kò bá tíì jẹun láti àná, tí ẹ̀rọ bá kọ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti kan àtọ̀gbẹ. Bí ó bá ti jẹun, 200 ni ààlà, bí òùngbẹ àti ìtọ̀ àtọ̀ọ̀tán bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá sí àmì kankan lára rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Wọ́n ní láti tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Kí n fi èyí kún un, nítorí ó ti kó bá àwọn èèyàn: òdiwọ̀n méjì ni àwọn ẹ̀rọ yìí ń lò. Ohun tí ọ̀kan ń pè ní 126, 7 ni èkejì ń pè é. Ẹ̀rọ irú kejì lè kọ 15, kí ọmọ aláìsàn tó mọ̀wé rí i, kó dúpẹ́ pé ṣúgà Bàbá kéré gan-an ni. Ó sì ti lé ní 250 lórí ẹ̀rọ irú àkọ́kọ́. Orí káàdì aláìsàn ló yẹ kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí dájúdájú, irú òdiwọ̀n tí òun lò.

Ìgbà yìí ni dókítà wọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kan péré ni, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Aláìsàn tuntun gbọ́dọ̀ fojú kan dókítà, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí dókítà wá bẹ ilé ìwòsàn wò, ì báà jẹ́ pé òun ló gbéra lọ sí Òkèihò. Dókítà ni yóò sọ irú àtọ̀gbẹ tó jẹ́. Ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ tó rù kan eegun, tí ń mu omi bí ẹni tó rìn ní aṣálẹ̀, kì í ṣe ẹni tí à ń fún ní hóró oògùn lọ sílé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ọsibítù ńlá, nítorí insulin ló ń fẹ́. Dókítà ni yóò ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín wò, kó tẹ́tí sí ọkàn, kó wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kó sì rán an lọ síbi tí wọ́n ti ń wo inú ẹyinjú. Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó kọ ọ̀rọ̀ sórí káàdì. Ọ̀rọ̀ tí yóò kọ yẹn ni gbogbo àdéhùn tó wà láàárín òun àti nọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí n mú Metformin ṣe àpẹẹrẹ. Òun ni oògùn tí ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Dókítà lè kọ ọ́ báyìí: hóró 500 kan lóòjọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, bí inú kò bá da aláìsàn láàmú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ó di ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, bí ṣúgà òwúrọ̀ bá ṣì lé ní 130, kí nọ́ọ̀sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kó má kọjá 2000 lóòjọ́, bí oṣù mẹ́ta bá pé lórí ìwọ̀n tó ga jù tí apá kò sì ká a, kí ó padà wá rí mi. Ìlà mẹ́rin ni. Níbi tí wọn kò bá kọ ìlà mẹ́rin yìí, aláìsàn yóò wọkọ̀ láti Ìjìó lọ sí Òkèihò tàbí Ìsẹ́yìn, yóò san owó ọkọ̀ lọ bọ̀, yóò pàdánù iṣẹ́ oko ọjọ́ kan, kó lè ti hóró kan bọ́ sí hóró méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò lọ, kò ní lọ ẹ̀ẹ̀kẹta. Oṣù kẹfà, ọdún kejì, orí hóró kan yẹn ló ṣì wà, ṣúgà sì ń jẹ ẹ́ lára lọ. Àwọn èèyàn á ní oògùn òyìnbó kò ṣiṣẹ́.

Àṣẹ tí à ń sọ yìí kì í ṣe àlè nínú òfin. Ní 2014 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yóò ṣe máa pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, kí iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì tàbí CHEW bá lè ṣe má máa dúró de dókítà tí kò sí nílé. Mo mọ̀ pé ìjà ń bẹ lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà ń rò pé wọ́n fẹ́ gba ipò òun, nọ́ọ̀sì ń rò pé iṣẹ́ ni wọ́n ń dì lé òun lórí láìfi owó kún un, CHEW sì ń rò pé àwọn méjèèjì kò ka òun sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ẹjọ́ rere tí yóò rò. Kí wọ́n lọ rò ó níwájú ìjọba. Kí wọ́n má rò ó lórí aláìsàn.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóṣooṣù kò tó wákàtí kan, ṣùgbọ́n nǹkan pọ̀ nínú rẹ̀. Yóò wọn ìwúwo ara, yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò yẹ ṣúgà, yóò béèrè bóyá oògùn ṣẹ́ kù nílé àti ìdí tó fi ṣẹ́ kù. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹsẹ̀, nítorí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ìlú Ipswich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé. Ẹ fojú inú wo bàbá àgbẹ̀ kan lórí bẹ́ǹṣì.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà, kẹ́ ẹ dijú. Tí mo bá ti fọwọ́ kan yín, ẹ sọ fún mi, ọ̀tún ni o, òsì ni o.”

Nọ́ọ̀sì fi orí ìka rẹ̀ kan ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́ẹ́, bí ìṣẹ́jú àáyá kan, kò tẹ̀ ẹ́, kò rìn ín. Ó kan àtàǹpàkò, ó kan ìka àárín. Ó ṣe é lẹ́sẹ̀ kejì. Ìka mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Bàbá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá dákẹ́.

“Nọ́ọ̀sì, kí lo tún ń dúró dè?”

Kò dúró de nǹkan kan. Ó ti kan ìka mẹ́rin tí Bàbá kò mọ̀. Bí méjì péré nínú mẹ́fà bá kọjá láìjẹ́ pé ẹni náà gbúròó rẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ti ń kú, ẹ̀gún sì lè wà nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹni tó ni ẹsẹ̀ má mọ̀. Ìdí nìyí tí egbò alátọ̀gbẹ fi ń di ohun tí wọ́n ń gé ẹsẹ̀ sí. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kì í ṣe pé ẹnì kan sọ nǹkan sílẹ̀ kí ó tẹ̀ ẹ́.

Ìmọ̀ràn tó ń tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àgbẹ̀ Òkè-Ògùn. Kí Bàbá má fi ẹsẹ̀ lásán wọ oko mọ́, nítorí kùkùté ọkà tí wọ́n gé kì í bojú wẹ̀yìn. Kí ó gbọn bàtà dànù kó tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kí ó fọ ẹsẹ̀ lálẹ́, kó nu àárín ìka rẹ̀ gbẹ, kó fi òrí pa gìgísẹ̀ tó bá sán, kó má fi sáàárín ìka. Kí ẹnì kan nínú ilé máa bá a wo àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo ilé bá ń yáná, kí ó jókòó jìnnà díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti kú kò mọ̀ bí iná bá ń jó òun. Ìwé ìlànà òkè òkun kì í sábà sọ̀rọ̀ ọyẹ́ àti iná ààrò. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé Ìjìó ló mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ń kọ́? Ẹni tó bá sọ fún ará Ìjìó pé kó má jẹ iṣu mọ́ ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Yóò dá a lóhùn “ẹ ṣeun o”, yóò sì lọ jẹ iyán. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé àmàlà kò ní ṣúgà bíi ti iyán. Iṣu kan náà ni, wọ́n kàn sá a gbẹ ni. Gààrì, ẹ̀kọ, láfún, ọkà bàbà, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ara. Bí òkèlè bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀rọ̀ wà. Kí òkèlè kéré, kí ewédú, gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i. Ohun tí a gbọ́dọ̀ lé kúrò pátápátá ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti málítì. Ó yani lẹ́nu pé málítì ni à ń rà lọ bẹ aláìsàn wò, tí a ó sì dúró tì í kó mu ún tán.

Àgbo náà kò ṣeé fojú fò. Bí nọ́ọ̀sì bá jágbe mọ́ aláìsàn nítorí àgbo, aláìsàn kò ní fi àgbo sílẹ̀, yóò kàn dẹ́kun sísọ òótọ́. Ó sàn kí ó béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kó sì kọ ọ́ sórí káàdì, kí dókítà lè mọ̀ nígbà tó bá rí ṣúgà tó ń já wálẹ̀ lójijì tàbí kíndìnrín tó ń ṣòjòjò.

Ṣúgà tó já wálẹ̀ jù ni ewu tí à ń gbàgbé. Bí ó bá ti kéré sí 70, ara ẹni náà yóò máa gbọ̀n, yóò làágùn, orí rẹ̀ yóò dàrú, àwọn mìíràn á máa sọ ìsọkúsọ títí wọn yóò fi rò pé ó mutí. Oògùn tó ń jẹ́ glibenclamide àti insulin ló sábà máa ń fà á, pàápàá fún arúgbó tó lo oògùn tí kò sì jẹun. Ṣíbí kékeré mẹ́ta ṣúgà nínú omi ni kí wọ́n fún un, kí wọ́n dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, kó wá jẹun. Bí ó bá ti dákú, kí wọ́n má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà jẹ́ omi, ì báà jẹ́ epo; ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ.

Èyí ló fi jẹ́ pé àwẹ̀ Ramadan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Mùsùlùmí pọ̀ ní Òkè-Ògùn, arúgbó kò sì fẹ́ gbọ́ pé kó má gbààwẹ̀. Oṣù kan sí méjì ṣáájú ni kí nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kí ó fi orúkọ àwọn tó ń lo glibenclamide àti insulin ránṣẹ́ sí dókítà, kí dókítà tún oògùn wọn tò sí sààrì àti ìṣínu. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá kéré sí 70 tàbí tó lé ní 300 nínú àwẹ̀, kí ó ṣínu lójú ẹsẹ̀. Bí lẹ́mọ́ọ̀mù bá bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà yóò wọlé ju bí nọ́ọ̀sì nìkan bá sọ ọ́ lọ.

Nípa insulin, iná mànàmáná ni ìṣòro. Èyí tí wọn kò tíì ṣí, ibi tútù ló yẹ kó wà, láàárín 2 sí 8 lórí òdiwọ̀n Celsius. Èyí tí wọ́n ti ṣí lè lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lóde fíríìjì, bí oòrùn kò bá pa á. Níbi tí iná ìjọba kò ṣeé gbójú lé, ìkòkò amọ̀ lè ranni lọ́wọ́. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000 nítorí ìkòkò méjì tó ki ọ̀kan bọ inú èkejì, tó fi iyanrìn tútù sáàárín wọn; ẹ̀fọ́ ló fi ń tọ́jú. Kì í ṣe fíríìjì, ṣùgbọ́n ó sàn ju orí pẹpẹ abẹ́ páànù lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn Ìjìó. Kí ọ̀rá pọ́lítíìnì bo insulin náà kí omi má kàn án.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí nọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ dá ẹrù gbé. Alátọ̀gbẹ tó ń bì, tó ń mí kanlẹ̀, tí oorun ń gbé lọ. Ìka ẹsẹ̀ tó dúdú, tàbí egbò tó ń rùn pẹ̀lú ibà. Aboyún. Ọmọdé. Àyà dídùn. Ojú tó fọ́ lójijì. Ṣúgà tó kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní 300. Ìpè fóònù ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, kí dókítà sọ ohun tí wọ́n lè ṣe kí ọkọ̀ tó dé. Àwòrán egbò lórí WhatsApp náà ń ṣe gudugudu, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Ìwé tí aláìsàn yóò mú lọ fún dókítà ló tẹ̀lé e.

Lórí ìwé yìí ni mo ti ní gbólóhùn asọ̀ pẹ̀lú àwọn dókítà. Nọ́ọ̀sì ń kọ ìwé lọ, ìwé kì í bọ̀. Aláìsàn yóò dé láti ọsibítù ńlá pẹ̀lú ọ̀rá oògùn, yóò ní “dókítà ní kí n máa lo èyí”, nọ́ọ̀sì yóò sì máa méfò ìdí rẹ̀. Ìlà méjì tó: ohun tí mo rí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́. Dókítà tí kò bá lè kọ ìlà méjì sórí káàdì aláìsàn kò bá nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ pọ̀, bó ti wù kó mọ oògùn tó.

Nípa àwọn tí kò padà wá, bíi ti Cameroon, nọ́ọ̀sì nìkan kò ní lè sáré lé wọn. Iṣẹ́ CHEW nìyẹn, òun tó mọ agboolé kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ní ìwé orúkọ. Ẹni tí oṣù rẹ̀ bá kọjá, kí ẹnì kan lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí ọjọ́ àtọ̀gbẹ bọ́ sí ọjọ́ ọjà, nítorí àgbẹ̀ kì í tìtorí ìka tí wọ́n fẹ́ gún nìkan fi oko sílẹ̀ nígbà ọ̀gbìn. Àti pé kí sítíríìpù wà. Gbogbo ohun tí mo ti sọ láti òkè wá dúró lórí páálí sítíríìpù. Owó ìlera alábọ́dé tí òfin ìlera 2014 dá sílẹ̀ ń wọlé sí ilé ìwòsàn, ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà wà, OYSHIA. Kí ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù, níbi tí àwọn ìjòyè àti ìyálọ́jà ti ń jókòó, máa béèrè lóṣooṣù pé sítíríìpù àti Metformin mélòó ló kù lórí pẹpẹ.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjìó tó wà ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Cotonou àti lókè òkun, tí ẹ ń fowó oògùn ránṣẹ́ sílé, ẹ má kàn bi Bàbá yín pé ṣé ara le. Ẹ ní kí ẹni tó wà nílé ka ohun tí nọ́ọ̀sì kọ sórí káàdì ní oṣù tó kọjá fún yín lórí fóònù: ṣúgà òwúrọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìka ẹsẹ̀ mélòó nínú mẹ́fà ni Bàbá gbúròó rẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀, owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.